Ìwé Ìwọ̀n Tí Mo Fi Lé Ọ Lọ́wọ́

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì

Ọmọ mi, ọmọ abẹ́ tábìlì,

Ṣé dáadáa lo padà dé ibi iṣẹ́ rẹ? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gé etí rẹ lọ? Èmi wà. Eékún ń dùn mí, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ń dún níbi ẹsẹ̀, àwa méjèèjì jọ ń darúgbó ni.

Fóònù tí o rà fún mi nígbà tí o wálé ń ṣiṣẹ́. Áàpù tí o fi sínú rẹ̀, tí o jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko tí o da gbogbo ìwé ìwọ̀n mi kọ síbẹ̀, òun náà ń ṣiṣẹ́. Bí oníbàárà bá wọlé, mi ò tún ṣí ìwé mọ́. Màá wo páálí tí o lẹ̀ mọ́ ògiri, màá rí ìnagijẹ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, màá tẹ nọ́ńbà náà, èjìká, ìbàdí, gígùn apá, gbogbo rẹ̀ á sì yọ. Onígíláàsì, aránṣọ òdìkejì títì tó fi gíláàsì ṣe ilẹ̀kùn tó wá rò pé gíláàsì ló ń rán aṣọ, wá wò ó. Ẹnu rẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ sí nǹkan yìí. Lọ́jọ́ Ajé, síìpù dúdú mẹ́ta péré ló kù fún mi. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, fóònù ti ń polówó síìpù dúdú fún mi. Ta ló sọ fún un?

Èyí tó le jù nìyí. Ìyàwó Onímọ́tò, mo wọn ìbàdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, ó ń fẹ̀ sí i. Mo ti mọ ohun tó ń bọ̀, mo pa ẹnu mi mọ́, nítorí ojú aránṣọ máa ń rí, ẹnu rẹ̀ kì í sọ. Mo tẹ ìwọ̀n tuntun náà sínú fóònù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn kan ń fi àwòrán bẹ́ẹ̀dì ọmọ ìkókó ránṣẹ́ sí obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, ìyàwó ò tíì sọ fún un rárá. Ọkọ yọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó yọ̀. Bí kò bá yọ̀ ńkọ́?

Wádìí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Má pè mí sórí fóònù láti sọ èsì, a kì í gbé ẹjọ́ ẹnì kan lọ sílé òun fúnra rẹ̀. Lẹ́tà ni kí o kọ. Kí o sì fi àwòrán ara rẹ sínú rẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá o ti rù.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà eékún. Mo rí lẹ́tà yín gbà, mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fi jí lójú oorun.

Màmá, kì í ṣe àjẹ́. Gbogbo aṣọ tí ẹ bá rán lẹ ń tẹ̀ síbẹ̀, ó mọ iye síìpù tó yẹ kó ti lọ, ó kàn ṣírò ni. Ti Ìyàwó Onímọ́tò, ẹ má dá fóònù lẹ́bi. Bóyá òun fúnra rẹ̀ ló wá bẹ́ẹ̀dì ọmọ lórí fóònù tirẹ̀. Ẹni tí kò bá jalè, kí ló kàn án pẹ̀lú ọlọ́pàá?

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi kẹ̀kẹ́ rìn nínú rẹ̀. Wọ́n fún gbogbo wa ní nǹkan kan bí aago lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ òsì là ń so ó mọ́. Ó ń ka ìṣísẹ̀ wa, ó ń ka iye páálí tí a gbé, ó tún ń ka bí ọkàn wa ṣe ń lù. Wọ́n ní nítorí ìlera wa ni. Nínú ọgọ́ta èèyàn, èmi ni mo ṣe ipò kejì. Ẹ bá mi yọ̀.

Ìwé ìwọ̀n àtijọ́ yẹn, ẹ jù ú nù. Ìnagijẹ inú rẹ̀ ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: Arìn-bí-Ọba, Ọrùn-Ìgò, Òṣùpá. Áàpù ò tiẹ̀ gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ayé ti kọjá ibẹ̀, Màmá.

Àwòrán mi nìyí. Mi ò rù, aṣọ ló tóbi.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Fara balẹ̀ jókòó kí o tó ka èyí.

O mọ ìdí tí n kì í fi kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé ìwọ̀n. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní ìwọ̀n ara èèyàn, àṣírí rẹ̀ ni, bí ìwé bá sọnù, kí ẹni tó bá he é má mọ ẹni tó ni ìbàdí. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tí ìnagijẹ kọ̀ọ̀kan ń bá wí. Èmi, àti ìwọ tí o dàgbà lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ mi, tí mo rò pé eré lò ń ṣe níbẹ̀.

O rántí Olùkọ́, ọ̀rẹ́ mi, tó kọ́ ọ ní kíláàsì kejì. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí àìsàn jẹ́ kí wọ́n gé ọmú rẹ̀ kan. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń rán gbogbo aṣọ rẹ̀. Mò ń fi òwú dí ẹ̀gbẹ́ òsì, mo sì ń rán an débi pé kò sẹ́ni tó fura rí. Òun ni Òṣùpá. Mo fún un lórúkọ náà nítorí òṣùpá tó ku ìlàjì, òṣùpá náà ni.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ní yàrá àwọn olùkọ́, ó gbé fóònù rẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kó wo àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìpolówó ọjà kan já wọlé. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló fi kí i. Ó ní àwọn ní ọmú àtọwọ́dá, ti ẹ̀gbẹ́ òsì, èyí tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Ẹni tó di fóònù mú kà á sókè kó tó mọ ohun tó ń kà. Èèyàn méje ló wà nínú yàrá náà.

Ilé ìwé kò tíì jáde nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kò jókòó. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ní, "Èèyàn mẹ́ta ló mọ̀. Dókítà ti kú. Ọkọ mi ti kú. Ó ku ìwọ." Ó kó aṣọ rẹ̀ mẹ́rin tí mi ò tíì rán tán, tòun ti abẹ́rẹ́ tó wà lára wọn, ó lọ. Ogún ọdún la ti ń ṣọ̀rẹ́, kò wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń rìn. Oníbàárà mẹ́fà ló ti wá gba aṣọ wọn padà. Wọn ò sọ ìdí, wọ́n kàn ń wo fóònù tó wà lórí tábìlì, wọ́n á wá wo ẹnu mi.

Mo ti ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. O ní áàpù ò gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìnagijẹ lo kọ sára páálí fún mi, nọ́ńbà sì ni mò ń tẹ̀, mi ò rí orúkọ kankan rí. Bí kò bá gba ìnagijẹ, kí ló wá gbà? Orúkọ wo lo kọ síbẹ̀ fún Òṣùpá? Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ Àǹtí Olùkọ́ wọ̀ mí lára gan-an. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ tí mo kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wò ó. Ta ló ń wọlé jáde ní ṣọ́ọ̀bù yín? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ pé Onígíláàsì wá wo fóònù, pé ẹnu rẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá oníbàárà yín. Ẹ̀yin náà, ẹ kì í ti fóònù, orí tábìlì lẹ máa ń fi í sí. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọbẹ̀. Bóyá nọ́ọ̀sì kan níléewòsàn àtijọ́ ló sì sọ ọ́. Bóyá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó kàn ń wá ọ̀nà. Ayé yìí, Màmá, ẹ má fọkàn tán ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí ẹ béèrè gùn díẹ̀, a máa sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀. Wọ́n ti fi kún iye páálí tí a ní láti gbé lójúmọ́, ó ń rẹ̀ mí.

Ẹ tọ́jú ara yín. Ẹ máa ti fóònù.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ keje, oṣù Karùn-ún

Mi ò kí ọ.

Mo gba ìmọ̀ràn rẹ. Mo wọ bàtà, mo sọdá títì, mo wọ ṣọ́ọ̀bù Onígíláàsì níwájú oníbàárà rẹ̀ méjì, mo sì sọ ohun tí àgbàlagbà kì í sọ. Mo pè é ní olófòófó. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù tirẹ̀ jáde. Áàpù kan náà ló wà níbẹ̀. Ó ní láti oṣù Kìíní ni wọ́n ti ń fi ìpolówó aṣọ tí wọ́n ti rán tán ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà òun, èyí tó bá ìwọ̀n wọn mu gẹ́lẹ́. Ó ní òun rò pé èmi ni mò ń wá nígbà tí òun ò sí, tí mò ń ji ìwé òun wò. Àṣé ìdí tí kì í fi kí mi mọ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta la fi ń fojú ọ̀tá wo ara wa, àwa méjì tí ẹlòmíràn ń kó lẹ́rù.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó fún mi ní omi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń mu ún.

Ọmọ mi, mo bi ọ́ ní ìbéèrè kan, o fún mi ní ìdáhùn mẹ́rin, kò sì sí èsì níbẹ̀. Onígíláàsì, nọ́ọ̀sì, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èmi fúnra mi, gbogbo wa lo kà mọ́ afurasí. Ẹnì kan ṣoṣo lo yọ sílẹ̀. Ìyá ni mí, mo mọ bí o ṣe máa ń ṣe bí o bá fọ́ àwo. Ibòmíràn lo máa ń tọ́ka sí kí n tó béèrè.

Mo lọ sílé Olùkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé. Kò ṣílẹ̀kùn.

Orúkọ wo lo kọ síbẹ̀?


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Ó lé lóṣù kan. Mi ò rí lẹ́tà.

Mo ti pa fóònù, mo sọ ọ́ sínú agolo bọ́tìnnì, nítorí náà bí o bá ń pè, mi ò ní gbọ́. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí o bá ń bínú pé mo kọ̀wé sí ọ láìkí ọ, mo ti kí ọ báyìí. Bí ara rẹ ò bá yá, jẹ́ kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá kọ ìlà méjì sí mi.

Mo tún wo àwòrán rẹ. Aṣọ kọ́ ló tóbi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Lẹ́ẹ̀mẹfà ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya.

Orúkọ wọn gan-an ni mo kọ. Ti Àǹtí Olùkọ́, ti Ìyàwó Onímọ́tò, ti gbogbo wọn. Orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù. Áàpù ò jẹ́ kí n kọjá láìkọ ọ́, mo sì mọ gbogbo wọn láti kékeré. Ibì kan wà níbẹ̀ fún àlàyé. Ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé ọmú òsì ò sí, kí ẹ máa fi òwú dí i. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi kọ ìyẹn. Mo rò pé bó bá ṣe kún tó ló ṣe dáa tó. Mo wà lábẹ́ tábìlì lọ́jọ́ tí Àǹtí Olùkọ́ kọ́kọ́ wá bọ́ aṣọ hàn yín, tí ẹ̀yin méjèèjì ń sunkún. Ẹ rò pé mo ti sùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí áàpù náà tó ṣí, ó kọ "Mo gbà" sójú fóònù, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lórúkọ yín. Ẹ̀yin wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ ń kọrin. Mi ò bi yín. Oṣù yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ohun tí mo gbà: ojú ewé mọ́kànlélógójì. Ó wà lójú ewé kẹtàdínlọ́gbọ̀n pé wọ́n lè fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò ní ohunkóhun tí a bá kọ síbẹ̀. Wọn ò ji nǹkan kan, Màmá. Èmi ni mo fún wọn.

Ohun tó jẹ́ kí n lọ kà á nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà yín ti oṣù Karùn-ún dé, ọ̀gá pè mí sí yàrá kan. Èèyàn mẹ́rin ló jókòó, bébà kan náà wà níwájú oníkálùkù wọn. Aago ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Iye ìgbà tí mo lọ sílé ìtọ̀, bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ó ní ọkàn mi kì í lù dọ́gba láàárọ̀. Ọ̀gá ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ò ní lè gbé iye páálí tuntun, pé bí oṣù bá parí kí n máa lọ. Obìnrin kan lára wọn ń fi bírò tẹ̀lé ìlà ọkàn mi lórí bébà, ó ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí i dáadáa. Èmi fúnra mi ò mọ̀ pé ọkàn mi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ mọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n ńṣe ni mo fọwọ́ bo àyà.

Mo wá rántí yàrá àwọn olùkọ́.

Mo kọ̀wé sí àwọn aláàpù pé kí wọ́n pa gbogbo ìwọ̀n yín rẹ́. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní wọ́n ti pa á rẹ́. Mi ò gbà á gbọ́. Èyí tí wọ́n ti fún ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó lè gbà á padà. Mi ò ní tàn yín jẹ.

Lẹ́tà kejì wà nínú àpòòwé yìí, mo ti lẹ ẹnu rẹ̀. Ti Àǹtí Olùkọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Ọkàn rẹ ńkọ́? Ṣé o ti rí dókítà? Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dúró sí nínú lẹ́tà rẹ, ó pẹ́ kí n tó lè ka ìyókù. Kọ èsì ìyẹn sí mi kí o tó kọ ohunkóhun mìíràn.

Mò ń bínú sí ọ. Mi ò ní tàn ọ́ jẹ, èmi náà. Kì í ṣe nítorí pé o ṣe àṣìṣe. Nítorí pé o jẹ́ kí n lọ pe ọmọlọ́mọ ní olófòófó, tí o sì ti mọ̀. Ó máa pẹ́ kó tó tán nínú mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fọ́ àwo tó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, a kì í lé e jáde.

Lẹ́tà tí o lẹ ẹnu rẹ̀, mo gbé e síwájú oòrùn, mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. O mọ̀ mí. Ìlà kan péré ni mo rí, mo rí "èmi ni," ojú tì mí, mo gbé e kúrò.

Mo ti í sábẹ́ ilẹ̀kùn Olùkọ́, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ tó ń fa ẹnu rẹ̀ ya. Ó pẹ́. Ara ń ta mí, mo ní bóyá ó ti jáde láti ẹ̀yìn, bóyá ó ti sun ún. Nígbà tó yá, kọ́kọ́rọ́ yí. Ó wo bàtà mi, ó wo ọwọ́ mi bóyá mo mú fóònù dání. Ó ní kí n wọlé.

Kò sọ ohun tí o kọ. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó fa aṣọ fèrèsé, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pàdé. Ó bọ́ búláòsì rẹ̀. Ó gbé apá méjèèjì sókè, bó ṣe máa ń gbé e láti ọdún mẹ́rìndínlógún wá, ó ní, "Wọ̀n mí."

Tépù wà lọ́rùn mi, o mọ̀ pé kì í kúrò níbẹ̀. Mo fà á yọ. Ó ní, "Níbo lo máa kọ ọ́ sí?"

Mo ní, "Orí mi."

"Orí rẹ ti ń gbàgbé nǹkan."

Mo ní, "Òótọ́ ni."

Ó ní, "Ohun tó lè gbàgbé ni mo fẹ́."

Mo wọ̀n ọ́n. Mi ò kọ nǹkan kan. Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, ìwọ̀n èjìká ti fò lọ, mo ní láti padà lọ kanlẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti oṣù Kẹta nìyẹn, èjìká tí mo gbàgbé ló fà á.

Ìyókù ò tíì dára. Nínú àwọn tó kó aṣọ lọ, méjì ló ti padà. Èmi àti Onígíláàsì ń lọ láti ilé dé ilé, à ń sọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ohun tí a fi sínú fóònù nípa wọn. Àwọn kan gbọ́ ọ, àwọn kan bú wa, ẹnì kan ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa lójú. Wọ́n jàre.

Mo bi Olùkọ́ pé kí ni kí n sọ fún ọ. Ó ní kí n sọ pé òun ti ka lẹ́tà náà. Mo ní ṣé ìyẹn nìkan. Ó ní ìyẹn nìkan. Gbà á bẹ́ẹ̀.

Tú nǹkan yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ, bí o bá ṣì so ó mọ́ ọn. Mo ti ra aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì kan fún ọ, àwọ̀ eérú, mi ò tíì gé e. Má kọ ìwọ̀n rẹ ránṣẹ́ sí mi. Máa bọ̀ nílé, kí n fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́.

Ìyá rẹ.